Ohùn Tó Ń Ti Ara Ògiri Jáde

Ọjọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin gbé kámẹ́rà kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbójú sókè wò ó, wọ́n sì tún gbójú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó wà fún. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó gba fóònù mi, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, mo sì rí ṣọ́ọ̀bù mi nínú àtẹ́lẹwọ́ mi: tábìlì tí a ti ń gé aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè. Ara mi fúyẹ́. Mo rò pé wàhálà mi ti parí nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ títì tó ti Ìkọ̀tún lọ sí Ìgándò ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, nínú ọgbà kékeré kan tí kàǹga wà láàárín rẹ̀. Sùtánà là ń rán níbẹ̀, aṣọ funfun gbọọrọ tí àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà ń wọ̀ lọ sí ilé ìsìn. A máa ń rán nǹkan mìíràn tí iṣẹ́ bá dá, ṣùgbọ́n sùtánà ni wọ́n mọ̀ wá mọ́. Aṣọ funfun kì í bo àṣírí ẹni tó rán an. Ìka tó bá ní epo lára, áyọ́ọ̀nù tó bá gbóná jù, ojú abẹ́rẹ́ tó bá ya ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa hàn. Tí atẹ́gùn bá sì fẹ́ wá láti ọ̀nà ààtàn ńlá tí wọ́n ti ń jó pàǹtírí, ńṣe la máa ń sáré kó ohun tó wà lórí okùn wọlé kí èéfín má baà sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú.

Oṣù kan ṣáájú kámẹ́rà yẹn, oníbàárà kan gbé sùtánà rẹ̀ padà wá lọ́sàn-án gangan. Ó nà án sójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Lábẹ́ apá rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ti jó o, ojú ibẹ̀ pọ́n bí etí àkàrà. Ẹni tó jó o mọ̀, ó sì ṣẹ́ ibẹ̀ po kí n má baà rí i. Mo bi àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Oníbàárà náà wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀yin gan-an lẹ gbé e lé mi lọ́wọ́ o. Ẹ sì rẹ́rìn-ín sí mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè yíjú kúrò lára wọn mọ́.

Méjì nínú wọn ń rán aṣọ. Wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ wọn sì dáa. Ẹni kẹta ló ń gé aṣọ. Ó tó ọdún mẹ́jọ tó fi jù mí lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni, télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ìdí tábìlì bàbá rẹ̀ ló sì ti dàgbà. Àǹtí ni mo máa ń pè é. Òun náà ń pè mí ní ọ̀gá. Mò ń sọ pé “ẹ” fún un nítorí ọjọ́ orí, òun náà ń sọ pé “ẹ” fún mi nítorí pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́ta la ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò ja ìjà kankan rí.

Kámẹ́rà ni ọ̀nà tí mo gbà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi níṣẹ́. Ìdímù ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mùsùlùmí òdodo ni, síbẹ̀ iṣẹ́ sùtánà ló fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Tí àwọn èèyàn bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, “Ọlọ́run kan náà là ń ránṣọ fún, jàre.” Ní ọdún kẹta mi lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gé sùtánà bàbá kan tó sanra. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo ní, “Ẹ dúró tì mí, mà.”

Ó ní, “Mò ń lọ kí ìrun Alásàrí.” Ó gbé búútà rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tó padà dé, aṣọ kọ́ ló kọ́kọ́ wò. Ojú mi ló wò. Ó ní, “Kí lo rí níbẹ̀?” Mo ní ọrùn rẹ̀ fẹ̀ jù díẹ̀. Ó ní báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n tún un ṣe, ó sì lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn títí mo fi gba fírídọ̀mù.

Èmi wá di ọ̀gá, mo wá di ẹni tó ń wo orí àwọn èèyàn nínú fóònù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kàn ń wò wọ́n ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe wọ́n. Ta ló dìde? Kí ló lọ ṣe? Kí ló dé tí ẹ̀rọ kejì dákẹ́? Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo rántí pé àbúrò mi ti sọ fún mi pé kámẹ́rà náà ní ẹnu: tí mo bá tẹ ibì kan lórí fóònù, ohùn mi á jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà nílé tí mò ń se oúnjẹ, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń ránṣọ ń fi ọwọ́ kan rán, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Mo tẹ ibẹ̀. Mo ní, “Gbé fóònù yẹn sílẹ̀!”

Mo rí i bó ṣe fò sókè lórí àga. Mi ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìka rẹ̀. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni mo rí i pé ó ti fi àkísà wé e, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gba inú èékánná rẹ̀ kọjá. Ara ọmọ rẹ̀ ò yá, ìyá rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo ní pẹ̀lẹ́. Mo tiẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n mi ò gbé kámẹ́rà kúrò. Mo sọ fún ara mi pé tí ojú rẹ̀ bá wà lára iṣẹ́ ni, kò ní gún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù parọ́rọ́. Wọn ò kọrin mọ́. Tí ẹnìkan bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á tẹ orí ba. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ohun gbogbo. “Ọ̀gá, ṣé kí n pààrọ̀ òwú yìí?” “Ọ̀gá, bọ́tìnnì yìí fọ́ létí, ṣé kí n lò ó?” “Ọ̀gá, òjò ti ń ṣú, ṣé ká kó aṣọ wọlé?” Fóònù mi ò sinmi. Lákọ̀ọ́kọ́ inú mi dùn sí i. Mo ní ẹ wò ó, ọwọ́ mi ti wá wà lórí iṣẹ́ mi báyìí.

Àsìkò yẹn ni olórí akọrin ìjọ kan ní Ìdímù wá bá mi. Ìyá àgbà kan ni, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ìkórè ìjọ wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Sùtánà mẹ́rìndínlógójì ló fẹ́ fún àwọn akọrin, kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, kí ìṣẹ́tí rẹ̀ kan ọrùn ẹsẹ̀. Ìjọ ti ra aṣọ náà fúnra wọn. Òwú gidi ni, ó nípọn, kò jọ èyí tó ń tàn yinrin tí a máa ń lò. Mo kọ ìwọ̀n olúkúlùkù sínú ìwé, mo fi ìwé náà síwájú Àǹtí, mo sì gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá lọ láti ra òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì.

Inú ọkọ̀ ni mo wà tí mo ṣí fóònù. Àwọn méjèèjì wà nídìí ẹ̀rọ. Tábìlì ìgéṣọ ṣófo.

Mo tẹ ibi ọ̀rọ̀. “Àǹtí dà?”

Èyí tí ìka rẹ̀ gbọgbẹ́ dìde dúró bí ọmọ iléèwé. “Wọ́n wà níta, mà.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe níta?”

“Wọ́n ń rẹ aṣọ sínú omi, mà.”

Òjò lọ̀sẹ̀ yẹn. Aṣọ tó bá tutù lè má gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n pè é. Ó wọlé, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè wo ògiri bí ẹni tó ń wo oòrùn.

Ó ní, “Ọ̀gá, aṣọ yìí, òwú gidi ni. Tí a ò bá rẹ ẹ́ kó kọ́kọ́ sún kì, lẹ́yìn tí a bá ti rán an tán—”

Mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, “Ta ló ní kí o rẹ ẹ́?”

“O” ni mo sọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, mi ò sì dá a dúró.

“Ṣé ìwọ ló máa lọ ṣàlàyé fún wọn tí iṣẹ́ ò bá parí? Ìwé wà níwájú rẹ. Ohun tó wà nínú ìwé ni kí o gé. Má fi orí ara rẹ ṣe nǹkankan nínú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, ṣé o gbọ́?”

Ìyá kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ sún ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú fóònù, mo rí i tí Àǹtí fi ara ìró rẹ̀ nu ọwọ́ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Mo gbọ́, mà.”

Kò pè mí ní mà rí. Ó lọ sídìí tábìlì, ó gbé ìgàn aṣọ mìíràn tó gbẹ, ó tẹ́ ẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Èyí tó ti rẹ, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sá a sẹ́yìn ilé, nígbà tó gbẹ wọ́n ká a sórí pákó. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ la fi rán aṣọ náà. Àǹtí ń dé lásìkò, ó ń lọ lásìkò. Tí mo bá kí i, á dá mi lóhùn. Tí mo bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á ní, “Bó ṣe wà nínú ìwé ni, mà.” Mo mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ láàárín wa, mo sì ń sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, mo ní tí iṣẹ́ yìí bá parí, màá rà á lẹ́bùn, màá tọrọ àforíjì.

Ọjọ́rú tí ìkórè ku ọjọ́ mẹ́rin, a fọ gbogbo sùtánà náà, nítorí aṣọ àwọn Aládùúrà gbọ́dọ̀ mọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. A fa omi kàǹga, a po búlúù sí i, a sá wọn sórí okùn mẹ́rin. Oòrùn mú ganrínganrín lọ́jọ́ náà. Mo jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo jáde sọ́gbà padà, mo dúró lójijì.

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń wò. Mo kàn rí i pé àlàfo tó wà láàárín ìṣẹ́tí aṣọ àti ilẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo fa ọ̀kan yọ, mo wọ̀ ọ́ sórí aṣọ tó wà lára mi. Ìwọ̀n ẹni tó ga bí mi ni. Ó dúró sí agbedeméjì ojúgun mi. Mo bọ́ ọ, mo wọ òmíràn. Bákan náà. Mo sáré gbé téèpù: ínṣì mẹ́rin ti lọ nínú gígùn rẹ̀. Mo ń ti orí okùn kan bọ́ sí òmíràn, téèpù ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ni. Mẹ́rìndínlógójì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde síta, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀.”

Ó ní, “Mo rí i, mà.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa sún kì tó báyìí?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì gé e?”

“Ìwé ni mo gé. Ìwé lẹ ní kí n gé.”

Mo pariwo. Mo ní ṣé ó fẹ́ bà mí jẹ́ ni, ṣé ohun tí mo ṣe sí i tó kí ó jókòó máa wò mí fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ kí n máa lọ sínú kòtò. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ohùn tirẹ̀ ò lọ sókè rárá.

“Ọ̀gá, mo sọ fún yín. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ohùn yín ti ara ògiri wá, ó bú mi lójú àwọn ọmọ tí mo lè bí. Kí ni kí n tún sọ lẹ́yìn ìyẹn? Wọ́n ní ògiri létí. Èyí tí ẹ gbé wá yìí, ẹnu nìkan ló ní.”

Ó yí padà, ó wọlé. Mo dúró sáàárín àwọn aṣọ funfun yẹn, wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú mi.

Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ju pé kó wá ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ lọ. Mo ká ọ̀kan nínú sùtánà náà sínú àpò ọ̀rá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdímù. Ọ̀gá mi ti dàgbà, orúnkún ń dà á láàmú, kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Orí ẹní ni mo bá a. Mo kúnlẹ̀, mo tú ohun gbogbo palẹ̀, láti orí àpá áyọ́ọ̀nù dé orí okùn ìsáṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó wá sọ ohun tí a máa ṣe.

Ó fi ìka tọ ojú ìrán sùtánà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, “Ta ló gé e?”

“Àǹtí tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni, mà.”

“Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ṣé o ti bi í pé kí ni kí ẹ ṣe?”

“Rárá, mà.”

“Kí lo wá ń bi mí fún? Mi ò ní bá ọ lọ. Tí mo bá wá dúró sórí wọn, kámẹ́rà kejì ni mo jẹ́ yẹn.”

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ẹ̀yin ò ṣọ́ mi rí, mà. Ẹ gbé sísọ́ọ̀sì fún mi, ẹ lọ kírun. Mi ò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí ni.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìrun wo? Mo ti kírun kí n tó pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo wà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n ju ọwọ́ rẹ lọ. Mo ti ra aṣọ kejì sílẹ̀, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tí o bá ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ṣé o rò pé ẹ̀rù kì í ba ẹni tó ń fọkàn tán èèyàn ni? Ó ń bà á. Òun náà ló ń gbé ẹ̀rù ọ̀hún mì, kì í gbé e lé ẹlòmíràn lórí.”

Ó ká sùtánà náà dáadáa, ó dá a padà fún mi. “Lọ, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Wọn ò tíì kúrò níbi iṣẹ́.”

Ní gbogbo ọ̀nà padà sí Ìkọ̀tún, mò ń ṣí fóònù, mò ń pa á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Àǹtí ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo rí i nídìí tábìlì, tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo bẹ awakọ̀ pé kó yára.

Bí mo ṣe wọlé, mo gun àga, mo fa wáyà kámẹ́rà yọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú tábìlì.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ dákun. Mo bú yín. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, mo sì sọ pé ‘o’ fún yín nínú ọkọ̀ èrò. Ohun tí ẹ mọ̀, mi ò jẹ́ kí ẹ sọ ọ́.”

Àwọn méjèèjì tó wà nídìí ẹ̀rọ bojú wolẹ̀. Mo gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń kọjá lójú títì, mo gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń fa omi nínú kàǹga. Orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo rò pé Àǹtí máa gbé báàgì rẹ̀ lọ ni, mo sì mọ̀ pé tó bá lọ, mi ò lẹ́nu láti dá a dúró.

Ó ní, “Ẹ dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ lójú wọn.”

Mi ò dìde. Mo ní, “Kí ni ká ṣe?”

Ó na ọwọ́, ó gba sùtánà tó wà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

“Tí a bá tú ìṣẹ́tí rẹ̀, ínṣì méjì á wálẹ̀. Kò ní tó. Àmọ́ ìgàn tí mo rẹ ọjọ́sí, ó ṣì wà lórí pákó. Ìyẹn ti sún kì, kò tún lọ síbì kankan mọ́. Mo lè gé e ní ọ̀já gbọọrọ, ká rán an mọ́ ìsàlẹ̀.”

“Ojú ìrán á hàn, Àǹtí.”

“Á hàn tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ìṣẹ́po kan ṣubú bo ojú ìrán mọ́lẹ̀. Bàbá mi máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ìyá olórí akọrin. Mi ò ní ṣe é bí olè.”

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Mo bá ìyá náà nínú ọgbà ìjọ wọn, láìwọ bàtà, ó ń gbá yanrìn. Mo bọ́ bàtà mi, mo sọ òtítọ́ fún un bó ṣe rí, mi ò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ó gba aṣọ náà, ó gbé e ka ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ le.

Ó ní, “Ẹ ò bá ti gbé e wá ní Sátidé, kí ẹ ní bó ṣe rí nìyẹn. Àsìkò ò ní sí fún wa láti ṣe nǹkankan.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Kí ló dé tí ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tó ń gé aṣọ ló ní kí n wá.”

Ó ní, “Kò gbọdọ̀ sí àwọ̀ mìíràn lára rẹ̀. Tí mo bá sì rí ojú ìrán kan ṣoṣo, mi ò ní gbà á, màá sọ fún gbogbo ìjọ.”

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àǹtí ló ń darí wa. Ó ní kí n máa tú ìṣẹ́tí, mo tú u. Ó ní kí n máa lọ aṣọ, mo lọ̀ ọ́. Ní gbogbo ìgbà, ara mi ń yún mi láti wo ọwọ́ wọn, láti ní “ṣé ó gún?”, mo sì ń bu ètè jẹ. Ọ̀sán Jímọ̀ ni èyí tí ìka rẹ̀ gbọgbẹ́ wá dúró tì mí nídìí áyọ́ọ̀nù. Ó ní, “Ọ̀gá, èmi ni mo jó sùtánà ìjọ́sí. Ẹ̀rù bà mí ni.” Mo ti fojú inú wo ọjọ́ tí màá mọ ẹni náà, mo ti to èébú sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n mo kàn ní, “Mo gbọ́. Bá mi di apá yìí mú.”

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n la rí ṣe kó dáa. Márùn-ún tó kù, apá wọn náà ti kéré jù, Àǹtí ní kò ní bójú mu. Ọ̀sán Sátidé ni mo kó wọn lọ. Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná wá ojú ìrán. Nígbà tó dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó ní, “Ẹ gbé wọn wọlé.” Kò yìn mí, kò sì bú mi. Àwọn akọrin márùn-ún wọ sùtánà wọn àtijọ́ lọ́jọ́ ìkórè. Ìyá náà ò tún gbé iṣẹ́ wá fún mi títí dòní. Mi ò dá a lẹ́bi.

Kámẹ́rà ọ̀hún, ẹnu géètì ni mo ní kí àbúrò mi gbé e lọ, nítorí àwọn tó ń jí aṣọ lórí okùn. Mi ò ní parọ́ pé ó rọrùn. Oṣù àkọ́kọ́, tí mo bá wà nínú ọkọ̀, ọwọ́ mi á ti wọ inú báàgì kí n tó rántí pé kò sí nǹkan tí mo fẹ́ wò níbẹ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Àǹtí sọ fún mi pé òun ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìgándò. Inú mi bàjẹ́. Mo ní ṣé nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i ni.

“Ọjọ́ tí ẹ bú mi yẹn ni mo ti pinnu pé màá lọ. Nígbà tó yá, ẹ yí padà, mo rí i. Àmọ́ ọkàn mi ti kúrò níbí.”

Ọjọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo lọ. Ọ̀gá mi náà wá láti Ìdímù, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ni ọwọ́ yẹn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín àkàrà. Oníbàárà kan ti gbé aṣọ wá, Àǹtí sì fẹ́ gé e lójú gbogbo wa kí ọjà lè tà. Tábìlì rẹ̀ kéré, aṣọ náà ń yọ́ bọ́ sílẹ̀. Mo kọjá sí òdìkejì, mo bá a di etí rẹ̀ mú.

Ó ní, “Ẹ fà á díẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀gá.”

Mo fà á.

“Ó pọ̀ jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.”

Mo dẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ náà.